Ọ̀rá Tí Wọ́n Fi Ṣe Ènì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí mi kò tíì ga dé pẹpẹ tí ìyá mi ń yan pupuru lé, mo ti mọ ohun tí owú ń ṣe nínú ènìyàn. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àyà, ó ń gòkè wá sí ọ̀fun, bó bá sì dé ojú, kò sí ohun mìíràn tí ojú náà tún lè rí. Inú owú yìí ni mo ti kọ́kọ́ mọ ọ̀rá, nítorí náà ẹ má retí pé kí n fi ohùn tútù sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ọ̀rá ti gba gbogbo ojú ọjà, ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kan pé ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti òkun jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó, pé àwa ní ìṣòro tó tóbi ju ìyẹn lọ. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Ọ̀rọ̀ inú ilé ìyá mi ni. Ó wọ àárín ìyá mi àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọkùnrin kan tó ń fi edé ránṣẹ́ sí mi. N kò kà á nínú ìwé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo ń wí yìí, ìyá mi ń ta pupuru ní ọjà Òkìtìpupa. Ẹni tí kò bá mọ pupuru, ẹ̀gẹ́ ni, tí a rẹ sínú omi títí ó fi rọ̀, tí a yọ okùn inú rẹ̀ dànù, tí a fún omi rẹ̀ kúrò, tí a wá mọ ní roboto bí ìkúùkù, tí a sì tò sórí pẹpẹ igi kí iná àti èéfín máa yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ yóò ha èyí tó dúdú kúrò, yóò gún un, yóò jọ̀ ọ́, yóò sì ro ó nínú omi gbígbóná. Ó máa ń pẹ́ nílẹ̀ láì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja etíkun Ìlàjẹ fi fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ mìíràn lọ.

Ewé eéran ni ìyá mi fi ń di pupuru fún oníbàárà. Àbàtà kan wà lẹ́yìn oko wa tí ewé náà ń hù sí láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, tó tutù, tó gbòòrò, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Èmi ni mo ń bá a já a ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ọjà. Bó bá ti di pupuru náà tán, yóò wá mú ẹyọ kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, yóò fi lé e lórí. Ènì nìyẹn. Ẹyọ tó bá dára jù lórí àtẹ ni ìyá mi máa ń fi ṣe ènì, ó ní kí oníbàárà má baà gbàgbé ọ̀nà ìsọ̀ òun. Kò sì sí ẹni tó ń gbàgbé.

Àbúrò rẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù lọ. Ó fẹ́ apẹja kan ní etíkun, nítorí náà Ìyá Omi ni àwa ọmọ ń pè é. Yóò bá ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìgbókòdá, yóò wọ mọ́tò láti ibẹ̀ wá bá wa, yóò gbé edé àti ẹja yíyan wá, yóò sì kó pupuru padà lọ tà fún àwọn apẹja. Ọjọ́ tó bá dé ni ìyá mi máa ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì a jọ jókòó lórí àpótí kan ṣoṣo, wọn a jọ jẹun nínú abọ́ kan, wọn a máa fi ahọ́n ilé wa sọ̀rọ̀ kíákíá tó fi jẹ́ pé àwọn tíṣà tó wá láti òkè kò ní gbọ́ ju ìdajì lọ.

Ìgbà náà ni obìnrin kan wá pàtẹ sí òdìkejì ìsọ̀ wa. Pupuru ni òun náà ń tà. Kò dára ju tiwa lọ. Mo ti jẹ méjèèjì, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ìyá mi kò ní. Ọkọ rẹ̀ ń kó ọ̀rá wá fún un láti Ọ̀rẹ̀, dúdú, búlúù, àti èyí tó ní ìlà pupa lára funfun, tó ń dán, tó ń dún wàrà-wàrà bí obìnrin náà bá ń ṣí i. Ìyá Ọlọ́rá ni gbogbo ọjà ń pè é kí òṣù kan tó pé. Obìnrin yìí kì í fún ènìyàn ní ènì. Bí oníbàárà bá bèèrè, yóò gbọn ọ̀rá kan nínú afẹ́fẹ́ títí yóò fi kún fún atẹ́gùn bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, yóò ní:

"Ènì rẹ nìyí, ìyàwó. Ẹyọ pupuru kan, wàá jẹ ẹ́ tán lálẹ́ òní. Èyí, wàá máa lò ó títí."

Títí. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí òun tó sọ ọ́ ti ronú lọ. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́jà fi ń pọ́n ọjà wọn ní ìgbà èwe mi, òun nìkan ló jẹ́ òótọ́ pátápátá. Oníbàárà lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú nù, ọ̀rá náà sì wà níbẹ̀ títí.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti lè ṣàlàyé lọ. Ẹ rántí pé a kò ní irú rẹ̀ rí. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a sórí okùn pẹ̀lú aṣọ. Ìyàwó ilé tó bá gbé ọ̀rá aláràbarà kọjá lójú títì, ńṣe ni yóò máa rìn bí ẹni pé wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀. Ọmọ Ìyá Ọlọ́rá wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú mi. Inú ọ̀rá ló ń kó ìwé rẹ̀ sí. Bí òjò bá dé, yóò dé òmíràn sórí, àwọn ọmọbìnrin yòókù yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní tiwọn. Èmi ń gbé ìwé mi sínú àpò ìko tí ìyá ìyá mi hun, àpò tó lágbára, tó lẹ́wà, tí mo ń wá irú rẹ̀ kiri lónìí tí n kò rí. Ní ìgbà náà, mo kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra àìsàn. Mo ń wo orí ọmọ yẹn nínú òjò, tó gbẹ táútáú lábẹ́ ọ̀rá búlúù, ọkàn mi ń jó.

Mo bẹ ìyá mi pé kó ra ọ̀rá. Ó ní, "Ṣé ọ̀rá ni wàá jẹ?" Ṣùgbọ́n òun náà kò sàn jù mí lọ. Mo ń rí i bó ti ń fi ojú tẹ̀lé oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó kọjá sí òdìkejì. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ bí a bá jókòó sí ìsọ̀, àfi kó máa dárúkọ wọn lábẹ́ ohùn: ìyàwó tíṣà ti lọ sọ́hùn-ún, ìyá ìjọ náà ti lọ. Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá a ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan.

"Ìyá wa, ẹ rọra o. Ojú yín yóò wọ inú ọ̀rá ìyẹn, wọn yóò sì so ẹnu rẹ̀."

"Ojú tèmi ni," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ìwọ máa ta ata rẹ. Ó ti ń rà."

Ìgbà òjò ọdún yẹn ni Ìyá Omi dé bí ìṣe rẹ̀, ó kí wa, ó fún mi ní edé, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìyá mi, ó ní òun ń bọ̀. A ń wò ó. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹlẹ́ran bí ẹni tó ń ro nǹkan, lẹ́yìn náà ó kọjá sí òdìkejì. Nígbà tó padà wá, pupuru ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá onílà pupa mẹ́ta, tí wọ́n so ẹnu wọn ní kókó.

Ìyá mi kò pariwo. Ó ní, "Ọma ìyá mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ìgbì ń da omi sínú ọkọ̀. Ewé kò lè dá omi dúró. Ìdajì èyí tí mo kó lọ lọ́jọ́sí ló ti rọ̀ kí n tó délé, mo dà á fún adìẹ."

"O ò sọ fún mi."

"Mo sọ. Ẹ ní kí n fi aṣọ bò ó."

"Nínú gbogbo ọjà yìí, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn lo tún lọ?"

"Ọ̀rá ni mo bá lọ, n kò bá obìnrin lọ."

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Omi kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ wa láì jẹun. Ìyá mi gbé abọ́ oúnjẹ tó ti bù sílẹ̀ fún un, ó gbé e fún mi. N kò lè jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, bí àbúrò rẹ̀ bá wá sọ́jà, a ó rí i lókèèrè, yóò kí wa lókèèrè, ọ̀rọ̀ tán.

Owú náà ni kò jẹ́ kí ìyá mi lè dúró. Kí ọdún tó yípo, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ̀rá, ó sì ti dẹ́kun ènì. Àwọn tó ń ta ewé lọ́jà ṣíwọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí ewé kò ní ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ mọ́, àwọn ẹbí bàbá mi jókòó, wọ́n ní àbàtà tó wà lẹ́yìn oko wa kò wúlò fún nǹkan kan. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fa omi rẹ̀ jáde, wọ́n gbin ọ̀pẹ síbẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí ọ̀rá lórí àtẹ wa. Mo rò pé a ti borí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rá náà ń lọ, nítorí kò sí ẹnìkan tó bèèrè nígbà náà, àwọn tó sì ń ṣe ìjọba lónìí kò tíì bèèrè. Orí òkè ilẹ̀ pupa ni ìlú wa wà. Ohun tó bá ṣubú lọ́jà, ìsàlẹ̀ ni òjò ń gbé e lọ. Láti ojú gọ́tà ó di inú odò kékeré, láti odò kékeré ó di odò Olúwa, odò Olúwa gbé e lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà sì gbé e fún òkun. Àwa tí a wà lókè ń gbá ojú ọjà, a ń sọ pé ó ti mọ́. Ńṣe ni a kàn ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìbátan wa.

Ní ọjọ́ kan tí ọjà kún dẹ́múdẹ́mú, Ìyá Omi wọlé, ó ru agbọ̀n ńlá kan tó fi aṣọ bò. Ìyá Ọlọ́rá ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́ lójú ọjà.

"Ìyá Omi, ẹ káàbọ̀. Irú ẹja wo lẹ gbé wá fún wa lónìí?"

"Ẹja Ìkálẹ̀ ni," ni Ìyá Omi wí.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, nítorí àwa ará òkè yìí ni Ìkálẹ̀, kò sí ẹja tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ sí àárín ìsọ̀ méjèèjì, ó ṣí aṣọ, ó dà á sílẹ̀. Ọ̀rá ni. Dúdú, búlúù, onílà pupa, gbogbo wọn ti di kíjìpá nínú ẹrẹ̀ àti koríko omi, ìkarahun kéékèèké lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n ń rùn.

"Ẹ wá rà á. Tiyín ni. Àwọn apẹja wa ló sọ ọ́ lórúkọ, ohun tí àwọ̀n wọn ń kó nìyí ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹja."

Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ojú agbami, ó ti dé ẹnu ibi tí odò ti ń wọ òkun, níbi tí ìgbì kì í fún ènìyàn láyè, ni ọ̀rá wé mọ́ abẹ tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Kó tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tú u, ìgbì ti dojú ọkọ̀ dé. Ó rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ náà títí àwọn ẹlòmíràn fi rí i. Wọ́n gbé e dé ilé láàyè, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́, àwọ̀n rẹ̀ ti lọ, ẹ́ńjìnnì náà sì wà nísàlẹ̀ omi. Apá tó fi ń fa àwọ̀n ni apá ọ̀tún náà.

Ó tún sọ nípa ìjàpá òkun kan tí omi gbé sí èbúté wọn. Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, ọ̀rá ló kún un. Ohun rírọ̀ kan wà nínú òkun tó mọ́ gaara bí omi, òun ni ìjàpá náà máa ń jẹ, ọ̀rá tó ń léfòó sì jọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ tún wo orúkọ tí a fún nǹkan yìí. Ọ̀rá ni a ń pe ibi tó dùn lára ẹran, ọ̀rá náà ni a ń pe ohun tí kò ṣeé jẹ, tí kì í jẹrà. Àwa mọ ìyàtọ̀. Ẹranko inú omi kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ọlọ́rá dìde. Ó ní, "Ṣé orúkọ mi wà lára rẹ̀ ni?"

"Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀," ni Ìyá Omi fèsì. "Ìyẹn ló jẹ́ kó rọ̀ yín lọ́rùn láti jù ú nù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá kọjú sí ìyá mi. Ó ti ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà rà á, n kò sọ pé n kò rà á. Ẹ bá mi fi ewé di tèmi lónìí."

Ìyá mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Ewé ti tán."

"Báwo ni ewé ṣe ń tán?"

"Wọ́n ti gbin ọ̀pẹ sí àbàtà."

Mo rí ojú àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí láti ìgbà yẹn kò sí mọ́, wọn kò sì ní ohun tí wọn yóò fi padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ìyá mi dìde, ó ní kí n jókòó ti ọjà, ó gba ilé lọ. Nígbà tó dé, garawa páànù kan ló gbé wá, èyí tó ní ìdérí tó ń mú ṣinṣin, tí wọ́n fi gbé epo wá fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún gbẹ. Ó to pupuru sínú rẹ̀, ó fi ènì lé e, ó tún fi òmíràn lé e, ó dé e pa.

"Omi kò ní wọ èyí," ló wí. "Máa gbé e wá. Bù oúnjẹ, kí o jẹun kí o tó lọ."

Ẹ gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú títí di òní. Garawa yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní gbogbo ìgbà tí wọn kò fi bá ara wọn jẹun. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìdáhùn wà nílé, ṣùgbọ́n kò dán bí ọ̀rá, owú kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi lónìí pé a kò lè ṣe láì sí ọ̀rá, irú ojú tí mo fi ń wo ìdíje ọjọ́ wọ̀nyẹn báyìí ni mo fi ń wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti fi òfin lélẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀: ẹni tó bá gbé igbá, abọ́ tàbí garawa tirẹ̀ wá yóò gba ènì méjì, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rá, kó kọjá sí òdìkejì. Àwọn kan rojọ́ pé ó ń gbéra ga. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ wá. Ó dé ibi tí Ìyá Ọlọ́rá náà fi ń fún ènìyàn ní ènì, tó ń wo ìsọ̀ wa bí àwa ti ń wo tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ìyá Omi gbé garawa rẹ̀ wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè gba ìrìn àjò mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò fa àwọ̀n mọ́ láyé. Pupuru títà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀ kan kò lè dá odò dúró. Omi inú ọ̀rá dé, búrẹ́dì inú ọ̀rá dé, iyọ̀, ṣúgà, ata lílọ̀, gbogbo rẹ̀ wọ inú ọ̀rá. Lónìí, ènìyàn a ra àlùbọ́sà kan, wọn a fún un ní ọ̀rá kan, wọn a tún fi èkejì wọ̀ ọ́ kí ó má baà ya. Mo dé etíkun Ìlàjẹ láìpẹ́ yìí, mo sì gbọ́ tí àwọn èwe ibẹ̀ ń pe ohun tó wà nínú àwọ̀n wọn ní ẹja Ìkálẹ̀ láì rẹ́rìn-ín, bí ènìyàn ti ń pe ọ̀bọ̀kún ní ọ̀bọ̀kún. Wọn kò mọ̀ pé èébú ni. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n rò pé ó jẹ́, èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ sì dúró láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ.

Mo kàwé títí dé yunifásítì, mo sì ti rìn jìnnà díẹ̀. Ní Ruwáńdà, ìjọba ti fòfin de ọ̀rá tipẹ́. Bí àlejò bá gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lówó tó wa, wọn kò ní epo rọ̀bì bíi tiwa, wọn kò tilẹ̀ ní òkun tí wọn yóò máa ṣọ́. Àwa tí a ní òkun ni a ń bọ́ ọ ní ìdọ̀tí. Mo jowú wọn, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Síbẹ̀, owú tó le jù lára mi kì í ṣe ti ará ilẹ̀ mìíràn. Ìyá mi ni mo ń jowú. Ó ti kú báyìí. Agbọ̀n rẹ̀ ti jẹrà, pẹpẹ igi rẹ̀ ti di ilẹ̀, ewé tó fi di ọjà láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ti di ilẹ̀ tí ewé mìíràn ń hù lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọdún mélòó kan tí ìdíje mú un, bí ẹ bá wá ipasẹ̀ òwò obìnrin yẹn kiri orí ilẹ̀ àti inú omi, ẹ kò ní rí i. Ó jẹun, ó tà, ó tọ́ wa, ó sì lọ láì fi ẹrù kankan lé ẹnikẹ́ni lórí. Èmi tí mo kàwé jù ú lọ, ohun tí mo gbé dé láti ọjà ní àná nìkan, ọmọ ọmọ mi yóò bá a láyé. Bí mo bá kú lónìí, inú ẹja kan wà níbì kan tó mọ̀ pé mo gbé ayé rí.

Mo fẹ́ kí ọmọ mi jowú mi bí mo ti ń jowú ìyá mi. Títí di òní, n kò tíì fún un ní ìdí kan tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀.